Ìdógò Ilé àti Oko ní Agbègbè Mọ́níyà, Láti Ayé Ìwọ̀fà Títí Di Òní

Mọ́níyà wà lójú títì tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ ni oríkò ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Ìbàdàn ní Oṣù Kẹfà ọdún 2021, Mọ́níyà ni ibùdókọ̀ tó kẹ́yìn bọ́ sí, orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni wọ́n sì fi pè é. Ilẹ̀ tí àwọn àgbà fi ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ti di ilẹ̀ tí wọ́n ń gé tà ní pulọ́ọ̀tì. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ́lé síbẹ̀ ní ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ilé náà ló níye lórí jù nínú gbogbo ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ láyé. Síbẹ̀, bí owó ilé-ìwé ọmọ bá dé tàbí tí àìsàn bá wọlé, baba onílé kan náà lè máa wá ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà káàkiri ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ àti ará, kó sì sùn mọ́jú nínú ilé tó tó mílíọ̀nù lọ́nà ogún. Báwo ni àwọn ènìyàn agbègbè yìí ṣe ń rí owó lára ilé àti oko láì tà á? Kí ló sì dé tí ọ̀nà tó wà fún àwọn bàbá fi dí mọ́ àwọn ọmọ lójú?

Àwọn kan rò pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni a ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ohun ìní yáwó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará oko Ìbàdàn ti ń fi oko kòkó dógò kí báǹkì tó mọ̀ wọ́n, ṣáájú ìyẹn ni wọ́n sì ti ń fi ènìyàn yáwó. Ohun tó yí padà ni ẹni tó ń di ohun ìní mú nígbà tí gbèsè ṣì wà nílẹ̀, àti ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ohun ìní náà bí gbèsè bá pẹ́. Lójú tèmi, nínú ìyípadà méjèèjì yìí ni gbogbo ìtàn náà wà.

Ológò àti ìwọ̀fà

Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ parí ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921, ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń sin gbèsè láyé ìgbà náà. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó lè rán ológò sí onígbèsè. Ológò yóò wọlé, yóò jókòó, yóò máa pariwo, yóò máa béèrè oúnjẹ, bí adìyẹ bá ń jẹ̀ lágbàlá yóò pa á, kò sì ní dìde títí owó yóò fi jáde. Èyí ni wọ́n ń pè ní dídógò ti ènìyàn. Inú ilé onígbèsè ni wọ́n ti ń fi ojú rẹ̀ rí màbo, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gba ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ṣe é gbà. Agbo ilé ni, ti baba ńlá ni, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ pọ̀ ju onígbèsè nìkan lọ.

Ilẹ̀ oko náà kì í ṣe ohun tí olówó ayé ìgbà yẹn ń lépa. Ilẹ̀ pọ̀ lọ jàra ní gbogbo àyíká Ìbàdàn, ẹni tó bá fẹ́ dáko yóò tọ bàálẹ̀ tàbí olórí ẹbí lọ, wọn yóò sì fún un. Ohun tó wọ́n ni ọwọ́ tí yóò ro ó. Nítorí náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yáwó. Ẹni tó bá nílò owó fún ìsìnkú, ìgbéyàwó tàbí ìtánràn yóò fi ara rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé, ojúlówó owó kò sì dín. Bí ó sìn fún ọdún mẹ́wàá, iye tí wọ́n kà sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ni yóò san kó tó bọ́. Bí ó sì rí i san lọ́sẹ̀ kejì, ó bọ́ lọ́sẹ̀ kejì nìyẹn. Johnson fi yéni pé ìwọ̀fà yàtọ̀ pátápátá sí ẹrú: ọmọ ìlú ni, kò sọ ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú nù, olówó kò sì lè tà á.

A gbọ́dọ̀ sọ ọ́ gbangba pé ìyà wà nínú rẹ̀, pàápàá fún ọmọdé tí kò mọ̀dí gbèsè tó ń sìn. Ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù díẹ̀díẹ̀, nígbà tí àwọn ọdún 1930 sì fi máa parí, òfin ti kà á léèwọ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó wà nínú àdéhùn náà kò kú. Inú oko kòkó ló kó lọ.

Igi tó ń san èlé

Lẹ́yìn tí ogun Kírìjì parí, tí Gómìnà Carter ti Èkó sì bá Ìbàdàn ṣe àdéhùn ní 1893, àwọn jagunjagun padà sí oko. Ní 1901 ni ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn, ẹrù oko sì rí ọ̀nà dé etíkun. Kòkó gbilẹ̀ ní ìhà gúúsù àti ìlà-oòrùn, níbi tí a ń pè ní Ọ̀nà-Àrà, Ẹgbẹ́dá àti Lágelú lónìí. Ní apá Akínyẹlé, bí èèyàn bá ṣe ń kọjá Mọ́níyà lọ síhà Ìròkò ni igbó ń di ọ̀dàn. Kòkó kò rọ̀ ṣọ̀mù níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pẹ àti oúnjẹ jíjẹ ló pọ̀.

Kòkó mú ohun tuntun kan wá. Ẹ̀gẹ́ tí a bá gbìn yóò kúrò nílẹ̀ lọ́dún kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n igi kòkó lè so fún ogójì ọdún. Lọ́dọọdún ni yóò máa mú owó wá bí ìwọ̀fà ṣe ń mú iṣẹ́ wá. Fún ìgbà àkọ́kọ́, àgbẹ̀ lásán ní ohun tó lè ru gbèsè láì jẹ́ pé ó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ètò fífi oko kòkó dógò rọrùn, ó sì gún régé. Olóko gba owó, ó fi oko lé olówó lọ́wọ́ níṣojú ẹlẹ́rìí. Olówó yóò máa ro oko, yóò máa ká kòkó, yóò máa tà á. Kòkó yẹn ni èlé. Ojúlówó owó dúró bó ṣe wà. Ọjọ́ tí olóko bá kó iye náà dé, bó jẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni, bó jẹ́ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún ni, oko padà sọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá kú, ọmọ rẹ̀ lè gbà á padà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ náà lè gbà á padà. Olówó kò gbọ́dọ̀ tà á. Kò gbọ́dọ̀ gbin igi tuntun tí yóò fi wá sọ pé òun náà ní ìpín níbẹ̀, bó bá sì gbìn ín, kò lè torí rẹ̀ dá oko dúró. Àwọn ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀, àti àwọn ilé ẹjọ́ gíga lẹ́yìn wọn, gba ìlànà kan ṣoṣo yìí ní àìmọye ìgbà: bó ti wù kí ìdógò pẹ́ tó, kì í di títà.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń kọ nípa rẹ̀ máa ń fò dá. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti baba wọn, tí wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Ti irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni igi, ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Igi ló lè fi dógò. Bó bá fi ilẹ̀ kún un, ó ti ṣe kọjá ibi tí àyè gbà á dé, onílẹ̀ sì lè lé e. Àgbẹ̀ tí kò mọ ìwé kà nígbà náà mọ ìyàtọ̀ yìí dájú.

Nígbà tí R. Galletti, K. D. S. Baldwin àti I. O. Dina ṣe ìwádìí ńlá wọn lórí àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá ní 1951 sí 1952, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1956, gbèsè àti oko tí wọ́n fi dógò gba ààyè tó pọ̀ nínú rẹ̀. Kò yani lẹ́nu. Iye kòkó ti já lulẹ̀ lójijì ní 1920, ó tún já ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Ní 1944 ni wọ́n rí àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú ní agbègbè Ìbàdàn, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi lulẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ abúlé Ìbàdàn kọ̀, wọ́n kóra jọ sínú ẹgbẹ́ Máyégún láti dènà rẹ̀. Ìbínú wọn yé mi. Igi tí wọ́n ń gé yẹn ni owó oṣù àgbẹ̀, òun ni ogún ọmọ rẹ̀, òun náà sì ni ohun kan ṣoṣo tó lè gbé lé olówó lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìṣòro. Bí wọ́n bá gé oko tó wà lọ́wọ́ ìdógò, gbèsè kò bá igi lọ.

Ta ló ni ín?

Ní Èkó, ìtàn náà gba ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn ní ìwé ilẹ̀ ní orúkọ Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn oníṣòwò fi ìwé wọ̀nyí dógò lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ òyìnbó láti gba ọjà àwìn. Nígbà tí ọjà epo pupa wó ní àwọn ọdún 1880, àwọn kan pàdánù ilé wọn. Bí ìdógò òyìnbó ṣe ń ṣe nìyẹn. Nínú ìdógò ìbílẹ̀, olówó ń lo ohun ìní, ṣùgbọ́n olóhun kò yẹ̀ lórí rẹ̀ láé. Nínú ti òyìnbó, onílé ń gbé inú ilé rẹ̀ lọ, ó ń dáná níbẹ̀, ó ń sùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n jíjẹ́ onílé gan-an ló fi lélẹ̀. Bí kò bá rí owó san lọ́jọ́ tó dá, wọ́n á tà á.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò tàn dé àwọn abúlé Ìbàdàn. Ẹbí ló ni ilẹ̀. Ní 1921, nínú ẹjọ́ tí Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, bá ìjọba ṣe, ìgbìmọ̀ adájọ́ Ọba ní London gbà pé lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀, ilẹ̀ jẹ́ ti àwùjọ, ti abúlé tàbí ti ẹbí, olórí ẹbí sì jẹ́ alámòójútó rẹ̀. Ní 1947, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi kún un nínú ẹjọ́ Esan àti Faro pé bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ láì gba ohùn àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè wọ́gi lé títà náà.

Nítorí náà, kò sí mọ́gàjí, ìyẹn olórí ẹbí, tó lè nìkan gbé ilẹ̀ ẹbí fún olówó ní Ìbàdàn kó sì sùn dáadáa. Ààbò gidi ni èyí jẹ́ fún àwọn opó, àwọn ọmọ kékeré àti àwọn tó wà lẹ́yìn odi. Òun náà ló sì jẹ́ kí àwọn báǹkì máa bẹ̀rù ilẹ̀ ẹbí títí di òní, nítorí wọn kò mọ iye ẹni tí yóò yọjú lẹ́yìn ọdún márùn-ún láti sọ pé wọn kò pe òun.

Bí ìwé ṣe ń wọ inú ọ̀rọ̀ náà, àwọn kọ̀wékọ̀wé rí iṣẹ́ ṣe. Òfin kan tó ti wà láti 1915 pa á láṣẹ pé ẹni tó bá kọ ìwé fún ẹni tí kò mọ̀wé kà gbọ́dọ̀ kà á sí i létí, kó túmọ̀ rẹ̀, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i. Òfin tó dára ni, nítorí ìwé tí baba kan tẹ ìka sí gẹ́gẹ́ bí ìdógò lè jẹ́ ìwé títà nígbà tí wọ́n bá kà á jáde ní kóòtù.

Sọgùndogójì, àti àwọn tó sá fún un

Ẹni tí kò bá fẹ́ gbé oko sílẹ̀ lè lọ bá olówó èlé. Ìbàdàn ní orúkọ kan fún wọn tí kò nílò àlàyé: sọgùndogójì, ẹni tó ń sọ ogún di ogójì. Ìjọba amúnisìn ṣòfin pé kí wọ́n gba ìwé àṣẹ, ó sì fi òdiwọ̀n sí èlé, ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn kì í béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ olówó.

Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ló wá ọ̀nà míì. Ní 1934, C. F. Strickland, òyìnbó tí ìjọba ní kó wádìí ọ̀rọ̀ náà, jábọ̀ fún ìjọba lórí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, òfin rẹ̀ sì jáde ní 1935. Lára àwọn ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ni ti Gbédùn, abúlé kan ní ìhà Ọ̀nà-Àrà, ní 1937. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ ètò yìí jù ní Ìbàdàn ni Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san (1889–1963). Ó mọ ìtìjú àìlówó lọ́wọ́. Ó ti ń kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ láti ìgbà èwe, ìwé náà wà ní ibi ìkówèésí Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ owó àti gbèsè sì kún inú rẹ̀. Ọkùnrin yìí náà ló wá di olórí àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kòkó, tó sì wà nídìí báǹkì wọn, Co-operative Bank, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1953. Inú Skye Bank ni báǹkì náà parapọ̀ sí ní 2006.

Ohun tó mú kí ẹgbẹ́ yàtọ̀ ni pé kò béèrè ìwé ilẹ̀. Ó béèrè onídùúró méjì, tí àwọn náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, tí wọ́n mọ oko ẹni tó fẹ́ yáwó àti ìwà rẹ̀. Dúkìá kò jẹ́ nǹkan kan níbẹ̀ bí orúkọ bá ti bàjẹ́.

Báǹkì, ìjọba àti ìwé tó ń jẹ́ C of O

Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni ìdógò ti báǹkì wá dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú ìlànà. Nigerian Building Society bẹ̀rẹ̀ ní 1956. Ní 1958 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ilé iṣẹ́ ìkọ́lé rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kọ́ Bódìjà. Ní 1959 ni agbègbè náà ṣe òfin lórí dúkìá àti ìwé rẹ̀, tó sọ bí wọ́n ṣe ń fi ilé dógò lábẹ́ òfin. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé Bódìjà lè fi ìwé ilé rẹ̀ yáwó. Àgbẹ̀ tó kọ́ ilé onípáànù sí Mọ́níyà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó kòkó irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ìgbìmọ̀ tí ìjọba fi ń ra kòkó ń fà sẹ́yìn, wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ ìlú. Ìyẹn dùn mí nígbàkígbà tí mo bá ń ka ìtàn yìí.

Ní 1977, Nigerian Building Society di Federal Mortgage Bank. Ní ọjọ́ 29 Oṣù Kẹta 1978, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde. Òfin náà fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ gómìnà fún ìlò gbogbo ènìyàn. Ẹni tó ti ń lo ilẹ̀ rẹ̀ yóò máa lò ó lọ, ṣùgbọ́n kò lè tà á tàbí kó fi dógò láì gba àṣẹ: àṣẹ gómìnà fún ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìlú ńlá, àṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ fún ilẹ̀ ìgbèríko ní ọ̀pọ̀ ìgbà.

Agbára òfin yìí hàn ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo. Ajilo fi ilé dógò fún báǹkì láì sí àṣẹ gómìnà. Nígbà tí báǹkì fẹ́ ta ilé náà, Ajilo ní ìdógò yẹn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì gbè é. Ilé náà bọ́ lọ́wọ́ títà, ṣùgbọ́n ìyà rẹ̀ wá sórí àwọn onílé tó kù. Báǹkì tó bá ti gbọ́ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní tún fọwọ́ kan ilé tí ìwé rẹ̀ kò pé. Ní 1995, nínú ẹjọ́ Awojugbagbe Light Industries àti Chinukwe, ilé ẹjọ́ kan náà dẹ̀ ẹ́ díẹ̀: wọ́n lè kọ́kọ́ fọwọ́ sí àdéhùn, kí àṣẹ gómìnà sì tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n kò sí báǹkì tó ń bẹ̀rẹ̀ láì béèrè C of O, ìwé ẹ̀rí ìlò ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí.

Ìwé wo ni onílé Mọ́níyà ní? Ọ̀pọ̀ ní rìsíìtì tí mọ́gàjí àti àwọn ọmọ ẹbí fọwọ́ sí, àti ìwé sọ́fè. Àwọn ìwé wọ̀nyí lágbára ládùúgbò. Wọ́n fi ń ta ilẹ̀, wọ́n fi ń jà ní kóòtù ìbílẹ̀, wọ́n fi ń pín ogún. Ní báǹkì, ìwé lásán ni. Onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ilẹ̀ Peru nì, Hernando de Soto, pe irú dúkìá bẹ́ẹ̀ ní òkú owó nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 2000. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìjọba. Àpẹẹrẹ kan ni ti ìpínlẹ̀ Ògùn lábẹ́ Gómìnà Ibikunle Amosun (2011–2019), tí ó ṣe ètò láti fún àwọn onílé tí kò níwèé ní C of O ní owó pọ́ọ́kú. Mo gbà pẹ̀lú de Soto pé ìwé ṣe pàtàkì. N kò gbà pé òkú ni ilé tí kò ní i. Ilé tí ènìyàn ń gbé, tó ń gba owó ilé lára rẹ̀, tó ń ṣòwò lójúde rẹ̀, wà láàyè ju ọ̀pọ̀ owó tó wà ní báǹkì lọ.

Kí C of O tilẹ̀ wà, èlé ń bẹ níwájú. Ní Oṣù Kọkànlá 2024, Báǹkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, báǹkì ìṣòwò kì í sì í sábà yá ẹni lásán lówó níye tó kéré sí ìyẹn nígbà náà. Òṣìṣẹ́ tó ń dá owó sí NHF, àpò owó ìjọba àpapọ̀ fún ilé gbígbé, èyí tí òfin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1992, tó ń fi 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sílẹ̀, ní àǹfààní èlé 6 nínú ọgọ́rùn-ún láti fi ra ilé tàbí láti kọ́ ọ, owó díẹ̀ sì wà láti fi tún ilé tó ti wà ṣe. Olùkọ́ ní Mọ́níyà lè wọ inú ètò yẹn. Ìyá tó ń ta gààrí lọ́jà Mọ́níyà kò ní owó oṣù tí wọn yóò gé.

Ohun tí àwọn onílé ń ṣe

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni owó ilé tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ẹni tó nílò owó yóò bá ayálégbé sọ̀rọ̀ pé kó san ọdún méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, a sì bu nǹkan kúrò níye rẹ̀. Bí a bá wò ó dáadáa, ìdógò àtijọ́ ni: owó bọ́ sọ́wọ́ lónìí, ẹni tó sanwó ń lo yàrá, èlé wà nínú ẹ̀dínwó náà, kò sì sí bí ilé ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ onílé. Àwọn mìíràn fọ́ ògiri iwájú, wọ́n sọ yàrá méjì di ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ gbòòrò ń gé àbọ̀ pulọ́ọ̀tì tà, kó lè fi owó rẹ̀ parí ilé tó ti dúró sí dẹ́kíìnì látọjọ́ pípẹ́.

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ṣì wà ní gbogbo àdúgbò. Níbi tí owó tí wọ́n fẹ́ yá bá ti pọ̀, àwọn ẹgbẹ́ kan àti báǹkì kéékèèké máa ń gba ìwé ilé sọ́wọ́ títí gbèsè yóò fi tán. Òfin mọ irú ìfilélẹ̀ yìí: ẹni tó gba ìwé ilé nítorí owó tó yáni ti ní ẹ̀tọ́ kan lórí ilé náà, bí wọn kò tilẹ̀ kọ ìwé ìdógò. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kó ìwé wọn fún ẹgbẹ́ kò mọ èyí. Wọ́n rò pé ìwé lásán ni àwọn fi sílẹ̀. Ó yẹ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Owó ilé òkèèrè náà ti wọ agbègbè yìí. Ní 1980, òfin ilé gbígbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ kí àwọn tó ń gbé ilé ìjọba ìbílẹ̀ rà á pẹ̀lú ẹ̀dínwó tó bẹ̀rẹ̀ láti 33 dé 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn Yorùbá wà lára àwọn tó rà á ní gúúsù London. Nígbà tí iye ilé ibẹ̀ gòkè, onílé lè padà lọ bá báǹkì kó gba owó lórí ohun tó ti fi lé e, àwọn kan sì fi irú owó bẹ́ẹ̀ kọ́lé sílé. Bẹ́ẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù ilé kan ní Akínyẹlé ṣe lè jẹ́ owó tó jáde lára ilé kan ní Peckham. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà kan náà ló sọ ọ̀pọ̀ ìdílé di aláìnílé lẹ́yìn 2007, nígbà tí iye ilé já, tí gbèsè orí rẹ̀ sì dúró.

Àwọn ìdógò tó kù

Ìdógò oko kò tíì parí. Bí ilẹ̀ ṣe ń wọ́n sí i láti ìgbà tí ojú irin ti dé, àti láti ìgbà tí wọ́n tún ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìjàyè sí Ìsẹ́yìn ṣe, oko tí ẹnikẹ́ni kò bìkítà fún tẹ́lẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ ńlá. Ká ní baba àgbà kan fi oko dógò fún £50 ní 1950. Ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kìíní 1973, náírà rọ́pò pọ́n-ún, £1 di ₦2. Bí a bá tẹ̀lé òfin ìdógò bó ṣe wà, ọmọ-ọmọ baba náà lè gbé ₦100 wá lónìí kó sì gba oko padà, nítorí ìdógò kì í di títà. Àwọn tó ti wà lórí ilẹ̀ náà láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá yóò sọ pé títà ni baba wọn rà á. Ẹlẹ́rìí ti kú. Kọ̀wékọ̀wé tó kọ ìwé náà ti kú. Àwọn àgbà ẹbí méjèèjì ni yóò jókòó lábẹ́ igi láti wádìí ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ yẹn, tí ìka tí baba tẹ̀ sí ìwé náà ń ṣá, tí sọ̀fíyọ̀ sì ti ń ri òpó sórí ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé.